Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù lẹ́bàá omi: níbo ni ará Àkúrẹ́ ti lè yà á?

Ayàwòrán Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ àwòrán ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́ níbí. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ ló ń gbọ́ bùkátà, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí n to àwòrán jọ lórí àwọn ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù, àwọn tó ń kó sìmẹ́ǹtì àti kọ̀ǹténà, kì í ṣe èyí tó ń kó èrò. Mo fẹ́ kí omi wà nínú àwòrán náà, ìbáà jẹ́ odò tàbí kánààlì, kí ènìyàn lè rí ọkọ̀ lókè kó sì tún rí àwòrán rẹ̀ nínú omi nísàlẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ní ojú irin. Kánààlì la ní, ní ìhà Ìlàjẹ, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń gba ibẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: ibo ló súnmọ́ wa jù tí mo ti lè rí ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́bàá omi? Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ àkókò tí yóò kọjá? Ṣé wọn kò ní gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi? Lẹ́ǹsì 24-70, tó ń ya ohun tó súnmọ́, àti 70-200, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, ni mo ní. Mo tún fẹ́ kí àwọn àwòrán náà fi hàn bí ojú irin àtijọ́ ṣe ń di ohun ìgbàgbé tí tuntun sì ń gba ipò rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹwà nìkan ni mò ń wá.

Òkè-Àró (Àkúrẹ́)

Òṣogbo ló súnmọ́ wa jù. Ẹ gba Iléṣà kọjá, ẹ ó sì dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Àárín ìlú ni tèṣọ̀n náà wà, lórí ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Kánò. Ẹ tètè dé, ẹ jókòó, ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ á kọjá.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní FUTA

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa lọ jókòó sí Òṣogbo láti òwúrọ̀ di alẹ́ lásán. Ìlú mi ni. Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ níbẹ̀ ni ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ọ̀ṣun máa ń ṣètò fún àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ wá ṣọdún nílé, èrò sì ni ìyẹn ń kó. Ọkọ̀ akẹ́rù kì í kọjá lójoojúmọ́. Ó lè gba ibẹ̀ kọjá lónìí, kí ẹ má sì gbúròó òmíràn mọ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tí Òṣogbo dára fún ni apá kejì ìbéèrè yín, ìyẹn ohun tó ń di ìgbàgbé. Ẹ fi lẹ́ǹsì súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ irin náà, níbi tí ìpẹtà kò tíì jẹ ẹ́ tán, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tó yọ síta lára rẹ̀, tó ń sọ ilé iṣẹ́ tó rọ irin náà àti ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Ẹ ya ìyẹn nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, nítorí bí oòrùn bá ti dé àtàrí, lẹ́tà wọ̀nyẹn kì í hàn mọ́.

Bàbá Rélùwéè (Oǹdó)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnu iṣẹ́ rélùwéè ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ tún nǹkan díẹ̀ ṣe nínú ohun tí ẹ ti sọ.

Ojú irin méjì ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ti àtijọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní ọdún 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, tó tún gba Òṣogbo, Ọ̀ffà àti Ìlọrin lọ sí Òkè Ọya. Mílímítà 1,067 ni ìbú rẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Ti tuntun, tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó dé Ìbàdàn. Mílímítà 1,435 ni ìbú rẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì ní, kí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ má baà máa dúró de ara wọn. Wágọ́ọ̀nù tó ń rìn lórí ọ̀kan kò lè gun orí èkejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí ẹ bá fẹ́ fi ìyípadà hàn nínú àwòrán kan ṣoṣo, ibi tí ojú irin méjèèjì ti ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni kí ẹ wá. Láti Èbúté-Mẹ́ta dé Agége, ẹ ó rí wọn pọ̀ lójú kan náà: èyí tóóró tó ti gbó, àti èyí gbígbòòrò tí òkúta abẹ́ rẹ̀ ṣì funfun.

Ní ti omi, Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ ni ojú irin àtijọ́ ti gba orí Odò Ògùn kọjá. Ewékorò, tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà láti ọdún 1960, kò jìnnà síbẹ̀, a sì kó sìmẹ́ǹtì púpọ̀ gba orí afárá yẹn lójú ayé mi.

Ní ti àkókò, ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Lórí ojú irin tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo, ọ̀gá tèṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ tú ọkọ̀ sílẹ̀ àyàfi bí tèṣọ̀n tó wà níwájú bá ti gbà pé ọ̀nà ṣófo. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹnì kan ní tèṣọ̀n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ẹni náà ni kí ẹ wá, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì fi lẹ́tà àṣẹ tí ẹ gbà lọ́dọ̀ rélùwéè hàn án. Kò sí ìwé àkókò fún ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbà tí ẹrù bá pé ló ń gbéra. Ìbéèrè tó sì tọ́ láti bi í ni pé, “Ṣé ọkọ̀ ti kúrò ní tèṣọ̀n tó kọjá?” Ẹ má bi í pé aago mélòó ni yóò dé, torí òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ.

Yẹ̀mẹ́tù (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, kí ló dé tí ẹ fi ń wá lẹ́tà kiri? Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì èrò ní Mọ́níyà, tèṣọ̀n ojú irin tuntun ní Ìbàdàn níbí, kí ẹ wọlé bí àwọn tó ń rìnrìn àjò, kí ẹ yọ kámẹ́rà nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò yín. Láti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń fi ojú irin tuntun kó kọ̀ǹténà láti Àpápá wá sí Ìbàdàn.

Amòfin Òkè-Ìjẹ̀bú (Àkúrẹ́)

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn yẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì fún yín láǹfààní láti wọ ọkọ̀. Kò fún yín láṣẹ láti máa ya dúkìá ìjọba. Òfin Àṣírí Ìjọba ti wà láti ọdún 1962, ó sì ka yíya àwòrán ibi tí ìjọba ń dáàbò bò sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ènìyàn kò bá gbàṣẹ. Ẹni tó bá ń yọ kámẹ́rà jí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń fura sí jù, kì í ṣe ẹni tó lọ bá wọn tààrà.

Ẹ kọ lẹ́tà sí Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà ní Èbúté-Mẹ́ta níbi tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà, kí ẹ kọ orúkọ yín, iṣẹ́ yín, irú kámẹ́rà tí ẹ ó lò, tèṣọ̀n tí ẹ fẹ́ lọ, àti ohun tí ẹ ó fi àwòrán náà ṣe. Bí ẹ kò bá ní tà á, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ó bá tà á, ẹ sọ ìyẹn náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mélòó kan, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí ọ̀gá tèṣọ̀n gba ọ̀kan, kí ẹ sì fi ọ̀kan han ọlọ́pàá tó bá bi yín léèrè. Ní ti inú èbúté Àpápá, àṣẹ rélùwéè nìkan kò tó; àwọn aláṣẹ èbúté náà gbọ́dọ̀ gbà.

Ìyàwó Àkúrẹ́, Ọmọ Ẹ̀gbá

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ Láfẹ́nwá. Ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín, nítorí ẹni tó bá kàn lọ síbẹ̀ nígbàkúùgbà kò ní rí ohun tí ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ ń wá.

Ní àsìkò òjò, Odò Ògùn a máa pọ́n bí omi ẹrẹ̀, a sì máa sáré. Omi tó ń sáré kì í mú àwòrán nǹkan kan dúró. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú gan-an, omi á fà, àpáta á yọ, ẹ ó sì rí àpáta ju omi lọ. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì ló dára, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí omi ti balẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ, ìyẹn nǹkan bí oṣù kọkànlá. Ẹ lọ ní àárọ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ojú omi.

Ọjà Láfẹ́nwá súnmọ́ ojú irin gan-an. Ẹ má lọ ní ọjọ́ ọjà bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi hàn pé ojú irin náà ṣì wà láàárín ìgbésí ayé àwọn ènìyàn, ọjọ́ ọjà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ kí àwọn ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó gbé kámẹ́rà sójú, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ti mọ̀ yín, àwọn ni yóò pè yín pé ọkọ̀ ń bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún (Northampton)

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ará ilé. Oǹdó ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí ibi tí kánààlì àti ojú irin ti jọ ń rìn. Ní Weedon, Grand Union Canal àti ojú irin tó ti London lọ sí ìhà àríwá wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró sí etí omi kó ya ọkọ̀ akẹ́rù láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rélùwéè rárá. Kánààlì ló kọ́kọ́ wà. Ní 1805 ni wọ́n là á tán, ọkọ̀ ojú omi tí ẹṣin ń fà ló sì ń kó ẹrù lórí rẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé ní 1838, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹrù lọ́wọ́ kánààlì. Lónìí, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà nígbà náà ti di ọ̀nà tí ará ìlú ń rìn fàlàlà, ibẹ̀ ni àwa ayàwòrán sì máa ń dúró sí.

Ohun tó yí ibẹ̀ padà jù lójú ayàwòrán ni iná mànàmáná. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti na wáyà tó ń gbé iná fóltì 25,000 sókè ojú irin náà, wọ́n sì ri òpó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jálẹ̀jálẹ̀. Bí ẹ bá ya ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tààrà, òpó á gé e sí wẹ́wẹ́. Mo máa ń wá ibi tí ojú irin ti yí, kí n lè ya iwájú ẹ́ńjìnì nígbà tó bá wọ àárín òpó méjì. Ní 1997 ni wọ́n ṣí ibùdó ẹrù ńlá kan nítòsí Daventry, látìgbà náà sì ni ọkọ̀ kọ̀ǹténà ti pọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Wọ́n tún ti kọ́ afárá kan fún ojú irin tuntun tó ń lọ sí Birmingham, ní àfonífojì Colne lẹ́bàá London, tó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, tó gba orí adágún omi àti kánààlì yìí kan náà kọjá.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tẹ̀ ba sílẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bí ẹ bá ṣe wà nísàlẹ̀ tó ni àwòrán ọkọ̀ inú omi ṣe ń hàn tó. Ẹ ra gíláàsì polarizer sí iwájú lẹ́ǹsì yín, kí ẹ sì ya iṣẹ́ yín ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá mọ́ jù.

Màmá Alágbàká (Àkúrẹ́)

Àbúrò mi ti Northampton, o ṣeun fún àlàyé kánààlì yẹn, ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ohun méjì tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ kò ní bá ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀ lára mu.

Àkọ́kọ́ ni ti ọ̀sán gangan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù, oòrùn ọ̀sán kì í gòkè púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ta, nítorí náà ó ń tan sí ara ọkọ̀ dáadáa. Níhìn-ín, orí wa ló máa ń dúró sí lọ́sàn-án. Òkè wágọ́ọ̀nù á funfun, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣókùnkùn, táyà irin àti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ á pòórá. Ooru tún máa ń gòkè láti ara irin àti òkúta, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi 70-200 wo ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ńṣe ni yóò máa gbọ̀n, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán wa kì í rò. Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kẹrin, gúúsù ni oòrùn máa ń wà sí wa lọ́sàn-án. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ, àríwá ni. Bí afárá bá ti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí ní oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ni ní oṣù kẹfà. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ náà lórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́.

Èkejì ni polarizer. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa dídán tó wà lójú omi, dídán yẹn gan-an ló sì ń gbé àwòrán ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń wá. Bí ẹ bá lò ó, tí ẹ yí i dé ibi tí kò yẹ, ẹ ó rí ilẹ̀ odò, ẹ kò ní rí ọkọ̀ nínú omi. Ẹ fi owó yẹn wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí kó tún pa dé, sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá bí ọkọ̀ bá ń gba iwájú yín kọjá. 1/250 tó bí ó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún (Northampton)

Màmá, òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yín nípa oòrùn, mo gbà. Ní ti polarizer, mo máa ń yí i títí àwòrán inú omi yóò fi yọ, ohun tó wù mí nínú rẹ̀ sì ni bó ṣe ń mú kí ojú ọ̀run àti ewé jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo lè kọjá lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí àyè láti máa yí gíláàsì.

Ọ̀dọ́ Ọbà-Ilé

Kí ni ẹ ń bá ẹrẹ̀ etí odò fà? Ẹ gbé drone sókè, ẹ ó rí ọkọ̀ láti orí dé ìdí, pẹ̀lú odò àti afárá.

Amòfin Òkè-Ìjẹ̀bú (Àkúrẹ́)

Àbúrò, drone kò rí bẹ́ẹ̀ rọrùn ní Nàìjíríà. Ó gbọ́dọ̀ ní àṣẹ àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Ẹni tí kò ní méjèèjì tó gbé drone sókè ojú irin ti fi ara rẹ̀ sínú ewu, bí èrò rẹ̀ tilẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ojú irin Ìtakpè sí Warri, bẹ́ẹ̀ ìhà ọ̀dọ̀ tiwa ló wà. Irin inú ilẹ̀ Ìtakpè ni wọ́n torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là á ní 1987, kí wọ́n lè máa kó o lọ sí Àjàòkúta àti Aládjà, ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ayàwòrán tó ń wá ọkọ̀ akẹ́rù yóò fẹ́ràn ìtàn rẹ̀. Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó lọ dúró sínú igbó níbẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2023, àwọn agbébọn kọlu tèṣọ̀n Ekehen ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, wọ́n sì jí àwọn èrò tó ń dúró de ọkọ̀ gbé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lọ, inú tèṣọ̀n tí ẹ̀ṣọ́ wà ni kí ẹ dúró, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà padà sí Àkúrẹ́.

Ayàwòrán Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Láfẹ́nwá ni mo mú fún omi, ní oṣù kọkànlá. Èbúté-Mẹ́ta sí Agége fún ojú irin méjì tó ń rìn pọ̀. Òṣogbo fún lẹ́tà ara irin. Lẹ́tà sí Èbúté-Mẹ́ta ni n óò kọ́kọ́ kọ. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ọyẹ́ kò ní bo gbogbo nǹkan bí mo bá pẹ́ wọ oṣù kejìlá?

Ìyàwó Àkúrẹ́, Ọmọ Ẹ̀gbá

Yóò bo ohun tó jìnnà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má pẹ́.

Màmá Alágbàká (Àkúrẹ́)

Ọyẹ́ ní tirẹ̀ kò burú, àbúrò mi. Ó máa ń mú oòrùn rọ̀, òjìji kì í le, ọkọ̀ tó bá sì ń yọ bọ̀ látinú rẹ̀ dára láti wò bí ẹ bá súnmọ́ ọn. Eruku rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì ní gbangba. Lẹ́ǹsì tí ẹ bá fi kúrò nílé ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi wọ inú ọkọ̀.

Ọmọ Igbókòdá

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un. Àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ bá ilé iṣẹ́ China kan ṣe ní 2014 lórí ojú irin etí òkun láti Èkó dé Calabar mẹ́nu ba Ọ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí yóò gbà kọjá. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ náà láṣẹ láti la ojú irin. Ẹ̀gbọ́n Ìjàpọ̀, bí ẹ bá ń lọ sí Èkó, ẹ yà ní Ọ̀rẹ̀, kí ẹ ya ibẹ̀ bó ṣe rí nísinsìnyí: àwọn tírélà tó tò jọ, àwọn tó ń tajà fún awakọ̀. Ẹrù tí ojú irin ì bá máa kó ló wà lórí táyà yẹn. Bí ojú irin bá dé, àwòrán yẹn kò ní ṣeé yà mọ́.

Bàbá Rélùwéè (Oǹdó)

Ọmọ Igbókòdá, ọ̀rọ̀ gidi lo sọ.

Ayàwòrán, nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ kí o ṣe fún wa. Nọ́ńbà wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, ó wà lára wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Kọ ọ́ sílẹ̀, kọ tèṣọ̀n, kọ ọjọ́, kọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ àti ohun tó kó, bí ọ̀gá tèṣọ̀n bá sọ fún ọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán rélùwéè ló wà nílé àwa òṣìṣẹ́ tí kò sí ẹni tó lè sọ ẹ́ńjìnì tó jẹ́ tàbí ibi tí wọ́n ti yà á, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú. Bí ọ̀gá tèṣọ̀n bá gbà ọ́ láyè, tẹ àwòrán kan fún un nígbà tí o bá tún padà lọ. Má sì dúró sórí afárá nítorí àwòrán kankan. Kò sí ibi tí ènìyàn lè yà sí lórí rẹ̀, ọkọ̀ tó kó ẹrù kì í sì lè tètè dúró, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ rí ọ láti òkèèrè.